Òótọ́ ni wọ́n kọ nípa àbúrò mi. Ṣé a ṣì lè pè wọ́n lẹ́jọ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbógbó ni mò ń gbé, lápá Ìkòròdú níbí. Òṣèré tíátà ni àbúrò mi obìnrin, ẹ ó dá a mọ̀ bí ẹ bá rí ojú rẹ̀. Lóṣù tó kọjá ó ṣe iṣẹ́ abẹ, dókítà sì ní kó lọ sinmi. Ọ̀dọ̀ mi ló wá, torí ilé mi dákẹ́ ju tirẹ̀ lọ. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí oníbúlọ́ọ̀gì kan fi gbé e síta pé ó ti wà nílé ìwòsàn báyìí báyìí, ó sì dárúkọ àìsàn tó ṣe é. Àwa ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ yẹn ni ọlọ́kadà ti ń já àwọn oníkámẹ́rà sílẹ̀ lẹ́nu géètì wa. Ọmọ aládùúgbò kan gun orí ògiri, ó ya fídíò rẹ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́yìnkùlé, tó ró ìró mọ́ àyà, tí kò wé nǹkan kan sórí. Wọ́n gbé nọ́ńbà fóònù rẹ̀ síta pẹ̀lú. Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ya ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, níwájú iléèwé, yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ sì hàn kedere.

Mo pe oníbúlọ́ọ̀gì náà. Ó ní, "Màmá, ṣé irọ́ ni mo pa?" Mi ò rí èsì fọ̀, torí kì í ṣe irọ́. Ọkọ mi ní ẹni tó bá ti di gbajúmọ̀ kò ní àṣírí mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ní ká fi ọlọ́pàá kó wọn. Àbúrò mi alára ní òun fẹ́ lọ sórí Instagram lọ bú wọn. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o. Ọlọ́run á fún un lálàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ọ̀rọ̀ oníbúlọ́ọ̀gì yẹn bẹ̀rẹ̀, torí òun ló dí yín lẹ́nu, ó sì ti dí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ṣáájú yín. Ìbéèrè rẹ̀ bá ẹjọ́ kan mu, kò bá èkejì mu. Bí ó bá jẹ́ pé ìbanilórúkọjẹ́ lẹ pè é lẹ́jọ́ fún, òótọ́ ni asà rẹ̀: bó bá ti lè fẹ̀rí hàn pé bọ́rọ̀ ṣe rí gan-an lòun ṣe kọ ọ́, ó ti bọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mọ ìdáhùn yẹn sórí bí ọmọ iléèwé ṣe ń mọ orin. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ títú àṣírí yàtọ̀. Òótọ́ kì í gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa mọ́ àbúrò yín, yóò jáde, yóò ní irọ́ ni, ara yóò sì tù ú díẹ̀. Òótọ́ tó jáde láìtọ́jọ́ ni kò ṣeé bọ́ kúrò lọ́rùn.

Nínú agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ wà. Páànù ni wọ́n fi yí i ká, kò nílẹ̀kùn. Ẹni tó ń bọ̀ á wúkọ́, ẹni tó wà nínú rẹ̀ náà á wúkọ́ dá a lóhùn. Bí ẹnì kan bá wá lọ yọjú láìwúkọ́, tó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ròyìn bí ara ẹni tó ń wẹ̀ ṣe rí, kò sí àgbà tó máa bi í pé ṣé òótọ́ lohun tó rí. Wọ́n á bi í pé kí ló gbé e débẹ̀, kí ló dé tí kò wúkọ́. Òfin tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, ikọ́ yẹn náà ni. Wọ́n kàn kọ ọ́ sínú ìwé ni.

Abala 37 nínú Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló dáàbò bo àṣírí àwọn ọmọ Nàìjíríà, ilé wọn, lẹ́tà wọn, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ lórí tẹlifóònù. Gbólóhùn kan péré ni. Kò sí "àfi òṣèré" nínú rẹ̀, kò sì sí "àfi olórin." Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n òfin ò sọ ohun tó sọ yẹn.

Síbẹ̀, mi ò ní tàn yín. Nínú ìwé òfin yìí kan náà, abala 39 fún àwọn oníròyìn lómìnira láti wá ìròyìn kí wọ́n sì tú u ká. Abala 22 gbé e lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa mú ìjọba dáhùn fún aráàlú. Abala 45 sì gbà kí òfin mìíràn dín ẹ̀tọ́ àṣírí kù nítorí ààbò ìlú, ìlera gbogbo ènìyàn, tàbí ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Èmi náà ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ọ̀rọ̀ àṣírí pa oníròyìn lẹ́nu mọ́. Bí kò bá sí àwọn tó ń tọpinpin ní Nàìjíríà yìí, owó ìlú tó ti wọgbó ì bá pọ̀ ju èyí lọ. Nítorí náà, adájọ́ yóò gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, yóò sì bèèrè pé: kí ni aráàlú fẹ́ fi ohun tí wọ́n tú síta yìí ṣe?

Ẹjọ́ tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí ní irú ìbéèrè yìí ni ti Naomi Campbell, módẹ́ẹ̀lì ará Ìlú Ọba. Ó ti sọ fáráyé pé òun kì í lo oògùn olóró. Ní 2001, ìwé ìròyìn Daily Mirror gbé e jáde pé ó ń lò ó, pé ó sì ti ń lọ síbi tí àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú rẹ̀ máa ń pàdé. Wọ́n fi àwòrán rẹ̀ tì í, níbi tó ti ń jáde kúrò nílé ìpàdé ọ̀hún. Ní 2004, ẹjọ́ náà dé House of Lords, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Adájọ́ márùn-ún ló gbọ́ ọ. Mẹ́ta dá a láre, méjì ò fara mọ́ ọn. Ibi tí wọ́n pín ọ̀rọ̀ náà sí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò. Pé ó ń lo oògùn, ìwé ìròyìn lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́, torí ó ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ fún aráàlú. Lọ́yà rẹ̀ fúnra rẹ̀ ò ja ìyẹn níyàn. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó ń gbà, bó ṣe ń gbà á, àti àwòrán yẹn, tirẹ̀ ni. Ojú pópó ni wọ́n sì ti ya àwòrán náà o, kì í ṣe inú yàrá. Owó tí wọ́n ní kí wọ́n san fún un ò ju £3,500 lọ. Owó kékeré, ṣùgbọ́n ààlà tí wọ́n fà yẹn ṣì wà títí dòní. Ìdájọ́ Ìlú Ọba kì í de adájọ́ wa mọ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n máa ń kà á, wọ́n sì máa ń fetí sí i.

Ìbéèrè kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bi àbúrò yín, ní kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ tó wá rí mi. Ṣé ó ti sọ ohunkóhun níta tó ta ko àìsàn yìí? Ọ̀pọ̀ òṣèré wa ló ń polówó àgbo àti tíì. Bí ó bá ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé àgbo kan ló ń mú òun yè kúrò lọ́wọ́ àìsàn yìí gan-an, tàbí pé ó ti gbowó ìtọ́jú lọ́wọ́ aráàlú tó sì ná an sí nǹkan mìíràn, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Oníròyìn á ní àwọn tó ń ra àgbo náà gbọ́dọ̀ mọ̀, mi ò sì ní rí nǹkan gidi fi dá a lóhùn. Bí kò bá sí nǹkan bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí aráàlú fẹ́ fi inú àbúrò yín ṣe.

Àwọn oníròyìn gan-an mọ èyí. Àwọn ẹgbẹ́ wọn pàdé ní Ìlọrin ní 1998, wọ́n sì fọwọ́ sí ìlànà ìwà tí oníròyìn gbọ́dọ̀ máa hù. Ó wà níbẹ̀ pé kí oníròyìn bọ̀wọ̀ fún àṣírí èèyàn àti ti ẹbí rẹ̀, àfi bí títú u bá máa fi ìwà ọ̀daràn tàbí ìwà tó ń ba àwùjọ jẹ́ hàn, tàbí tó máa dáàbò bo ìlera, ìwà ọmọlúàbí àti ààbò aráàlú, tàbí tí kò ní jẹ́ kí ẹni náà fi ọ̀rọ̀ tàbí ìṣe rẹ̀ ṣi aráàlú lọ́nà. Ẹ wo gbogbo wọn, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi èwo ni ìró àyà tí àbúrò yín ró lẹ́yìnkùlé bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú ní pàtàkì. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014, abala 26, sọ pé àṣírí ni gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ẹni tó ń gbàtọ́jú: bí ara rẹ̀ ṣe rí, ìtọ́jú tí wọ́n ń fún un, títí kan pé ó wà nílé ìwòsàn ọ̀hún rárá. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Bí wọn ò tiẹ̀ dárúkọ àìsàn, tí nọ́ọ̀sì tàbí akọ̀wé ibẹ̀ kàn sọ fún ẹni tí kò kàn pé "lágbájá ń bẹ lọ́dọ̀ wa," ó ti rú òfin. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni nípa ẹni, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023, tún ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Ó yọ iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀ dé àyè kan, bó bá jẹ́ pé nítorí ire aráàlú ni. Kò yọ ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ilé ìwòsàn lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí, ṣáájú oníbúlọ́ọ̀gì. Ẹ ní kí wọ́n sọ fún yín àwọn wo ló ṣí fáìlì rẹ̀ wò láàárín ọjọ́ tó ṣe iṣẹ́ abẹ àti ọjọ́ tí oníbúlọ́ọ̀gì gbé e síta. Ẹ̀rù máa ń bà wọ́n tí wọ́n bá rí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kó bà wọ́n.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó dá ilé ìwòsàn lẹ́bi, ẹ wo inú ilé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, olórin fújì kan wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Sábó. Ó ti fún mi láṣẹ kí n máa fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ìyàwó rẹ̀ bímọ, ọjọ́ ìkómọ ò tíì pé, àwòrán ọmọ tuntun àti orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́ ti wà lójú ìwé oníròyìn. Inú bí i débi tó fẹ́ pe ìwé ìròyìn mẹ́ta lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. A jókòó, a tọpasẹ̀ àwòrán yẹn sẹ́yìn. Wọ́sáàpù ẹbí ló ti jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ fún àwọn àǹtí rẹ̀, láì rántí pé àwọn tó wà nínú àgbájọ náà lé ní ọgọ́ta, tí àna àbúrò rẹ̀ kan sì wà lára wọn. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Nítorí náà, ẹ bi ara yín léèrè: ta ló bá a gbé oúnjẹ lọ sí ilé ìwòsàn? Ta ni ẹ ní kó bá yín gbàdúrà, kí lẹ sì sọ fún un pé ó ń ṣe é? Ẹ má fi ìbínú bèèrè. Ẹni tó sọ ọ́ lè jẹ́ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́sálásí, láì mọ ẹni tó jókòó tì í.

Ti ọmọ yẹn ni mo rò jù nígbà tí mo ka lẹ́tà yín. Ìyá rẹ̀ ló gba iṣẹ́ òṣèré. Ọmọ ọdún méje ò bá ẹnikẹ́ni tọwọ́ bọ̀wé. Abala 8 nínú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sì ti sọ òfin náà di tirẹ̀ láti 2007. Ohun tó sì ju òfin lọ ni pé yúnífọ́ọ̀mù yẹn ti sọ fún gbogbo ayé ibi tí ọmọ gbajúmọ̀ máa wà ní agogo méjì ọ̀sán. Ìlú tí ajínigbé wà la wà. Lọ́la òde yìí, kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ẹ lọ rí alákòóso iléèwé náà. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó lè wá mú ọmọ sílẹ̀, kó má ju méjì lọ, kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sì mọ ojú wọn. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó náà, ibi ọ̀rọ̀ ọmọ ni wọ́n ti le jù. Ní California, Halle Berry wà lára àwọn òṣèré tó lọ sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣòfin, wọ́n sì ṣe òfin kan ní 2013 tó fi kún ìjìyà ẹni tó bá ń da ọmọdé láàmú nítorí iṣẹ́ tí òbí rẹ̀ ń ṣe.

Ẹ tún bá mi wo ojú ìwé Instagram àbúrò yín. Bí ó bá ti ń fi ọmọ yìí polówó aṣọ àti bisikíìtì, lọ́yà ẹnì kejì á gbé e jáde ní kóòtù pé ìyá ló kọ́kọ́ gbé e síta. Mi ò ní kó má fi ọmọ rẹ̀ yangàn o. Ìkòròdú níbí la ti rí àwọn ọmọ Ikorodu Bois tí eré wọn dùn mọ́ gbogbo ayé nínú, tí Netflix fi ohun èlò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ní 2020. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n gbé síta. Pé mo mọ eré wọn kò fún mi láṣẹ láti dúró sẹ́nu ọ̀nà iléèwé wọn.

Ọmọ aládùúgbò tó gun ògiri, òfin ò lẹ́nu méjì lórí rẹ̀: abala 37 dárúkọ ilé, ẹ̀yìnkùlé sì wà lára ilé. Mo lè kọ̀wé sí i láàárọ̀ ọ̀la. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí n kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ lọ bá bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kó wo fídíò náà níwájú yín. Ẹ bi í bí yóò bá fẹ́ kí wọ́n ya aya rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ náà pa á rẹ́ níbẹ̀, kó sì sọ fún yín ẹni tó tà á fún. Orúkọ ẹni tó rà á yẹn wúlò fún mi ju ẹjọ́ tí mo lè bá ọmọ náà ṣe lọ.

Ti nọ́ńbà fóònù kò gba àlàyé púpọ̀. Ní 2018, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wa sọ ọ́ nínú ẹjọ́ tí ẹnì kan pe ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan pé fífi nọ́ńbà èèyàn lé àwọn tí kò mọ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, títẹ ẹ̀tọ́ abala 37 lójú ni. Kó yí nọ́ńbà náà padà, ṣùgbọ́n kó tọ́jú síìmù àtijọ́. Ẹ̀rí ni.

Àwọn tó ń dúró níta géètì, ojú títì kì í ṣe tiyín, ẹ ò lè lé wọn kúrò níbẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ wọlé, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dí yín lọ́nà. Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ sọ fún awakọ̀ àbúrò yín, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì: bí ọ̀kadà wọn bá tẹ̀ lé e lójú ọ̀nà Ṣàgámù, kó má sáré. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Ọmọbabìnrin Diana kú, lẹ́yìn tí ọkọ̀ rẹ̀, tó ń sá fún àwọn ayàwòrán, forí sọ nínú ihò ojú ọ̀nà kan ní Paris. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan wádìí ọ̀rọ̀ náà tán ní London ní 2008, wọ́n ní ìwakùwà awakọ̀ rẹ̀, tó ti mutí, àti ti àwọn ọkọ̀ tó ń lé e, ló pa á. Kí awakọ̀ yín rọra máa lọ, kó yà sí ilé epo tàbí àgọ́ ọlọ́pàá tí iná wà, kó dúró. Àwòrán tí wọ́n bá rí yà níbẹ̀, kí wọ́n máa gbé e lọ. Kò sí àwòrán tó ju ẹ̀mí lọ.

Mo ti dé ibi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin. Mo gbọ́ ìbínú rẹ̀, inú bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọlọ́pàá kó wọn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ní abala 24 kan tí àwọn alágbára ti lò láti ti àwọn oníròyìn mọ́lé, títí tí Ilé Ẹjọ́ ECOWAS fi pàṣẹ ní 2022 pé kí Nàìjíríà tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe ní 2024. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí jẹ mọ́ àwòrán ìhòhò àti irọ́ tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ pa láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí èèyàn sínú ewu. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé kì í ṣe irọ́. Bí ọlọ́pàá bá mú oníbúlọ́ọ̀gì yẹn ní òru kan, lọ́jọ́ kejì òun ni aráàlú máa ṣàánú, àbúrò yín ló sì máa wá di òṣìkà. Èmi ò ní lọ́wọ́ sí i, bí ẹ tiẹ̀ sanwó. Àfi bí ẹnì kan bá fipá wọlé yín, tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí ọmọ. Ìyẹn, ẹ sáré pe ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀.

Ohun tí a máa ṣe nìyí. Ní alẹ́ yìí, ẹ ya ojú fóònù (screenshot) sílẹ̀ fún gbogbo ohun tí wọ́n gbé jáde, kí àdírẹ́sì ojú ìwé náà, ọjọ́ àti àkókò hàn níbẹ̀. Ẹ lo fóònù kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sílẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 84, ní bí a bá fẹ́ lo ohun tó ti inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù jáde ní kóòtù, ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò náà. Mo ti rí ẹjọ́ tó dára tó ṣubú nítorí pé ẹ̀rí ti kọjá láti fóònù dé fóònù, kò wá sí ẹni tó lè fọwọ́ sí i mọ́. Ẹ fi àwòrán ọmọ sùn lórí Facebook àti Instagram. Wọ́n ní ibi tí òbí ti lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi á kọ lẹ́tà sí oníbúlọ́ọ̀gì náà, láìpariwo, pé kó yọ orúkọ àìsàn, àwòrán ọmọ, fídíò ẹ̀yìnkùlé àti nọ́ńbà fóònù kúrò. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń yọ ọ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwé ìròyìn gidi ni, a lè gbé ẹ̀sùn lọ síwájú Nigerian Press Council. Oníbúlọ́ọ̀gì tí kì í ṣe oníròyìn lè máà ka ìyẹn sí, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ á sì di ti ilé ẹjọ́.

Ilé Ẹjọ́ Gíga wà ní Ìkòròdú níbí, ẹ ò ní máa já ọ̀nà Ìkejà lójoojúmọ́. Ìlànà 2009 lórí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní kí wọ́n fi ìgbọ́ ẹjọ́ náà sí àárín ọjọ́ méje tí a bá ti gbé e wá. Ó máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe ìlérí mìíràn fún yín. Ṣùgbọ́n ìlànà yìí kan náà sọ pé kò sí iye ọdún tó máa kọjá kí ẹjọ́ ẹ̀tọ́ tó jóná. Nítorí náà, kí àbúrò yín kọ́kọ́ gbádùn. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, ilé iṣẹ́ OPD (Office of the Public Defender) ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ń gbèjà ẹni tí kò lágbára lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìdí tí mo fi ní láìpariwo nìyí. Ní 2003, Barbra Streisand, olórin ará Amẹ́ríkà, pe ayàwòrán kan lẹ́jọ́ àádọ́ta mílíọ̀nù dọ́là nítorí pé ilé rẹ̀ hàn nínú àwòrán etíkun tí ọkùnrin náà yà. Kó tó pè é lẹ́jọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà péré ni àwọn èèyàn ti gba àwòrán náà sílẹ̀, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn lọ́yà tirẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn tó lọ wò ó lé ní 420,000. Ó pàdánù ẹjọ́ náà, ó sì san owó lọ́yà ẹnì kejì. Nítorí náà, kí àbúrò yín má lọ sórí Instagram lọ bú ẹnikẹ́ni. Àwọn tí kò tíì gbọ́ á gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, yóò sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo ayé.

Bí ó bá ń wù ú láti sọ̀rọ̀ sí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kó kúrú: òun ṣàìsàn, ara òun ń yá, òun ń sinmi, òun ò sì ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó má dárúkọ àìsàn, kó má dárúkọ oníbúlọ́ọ̀gì, kó sì pa ibi ìdáhùn sí i dé. Kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ náà hàn mí kó tó gbé e síta. Mo máa ń wà ní ọ́fíìsì láti agogo mẹ́sàn-án. Ẹ mú fóònù tó ní ẹ̀rí lára náà wá, àti síìmù àtijọ́ yẹn, ẹ má sì pa ohunkóhun rẹ́ lórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi.